Ìkòkò Omi Lórí Asáré

Ẹ̀yin ọmọ ìlú mi, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tí oorun bá ń kùn nínú yín, kí ó dìde lọ bọ́jú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó ń tòògbé. Mo rí yín láàárọ̀ yìí bí ẹ ti ń sáré yí pápá iléèwé ká, tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Mo rí àwọn kan tí wọ́n wọ bàtà aláràbarà, tí wọ́n so aago mọ́ ọrùn ọwọ́, tí wọ́n ní ife ẹ̀yẹ ni àwọn ń lé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí, nítorí kò sí ohun tó ń lé ẹ̀yin fúnra yín. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, tí mo fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ìdí igi ọsàn yìí, mo ti bá iwin sá eré ìje rí, ọmọ bíbí inú mi sì ni ohun tí à ń du mọ́ra wa lọ́wọ́.

Kí ìtàn náà lè yé yín, ẹ gbọ́ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo máa ń fura. Bí ẹnìkan bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, màá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run bóyá òwúrọ̀ ni lóòótọ́ kí n tó dá a lóhùn. Ìyá Àrìnpé, ìyàwó mi, a máa sọ pé ọjọ́ tí mo bá kú, ìsìnkú mi yóò pẹ́, nítorí n óò kọ́kọ́ fi ọ̀pá tọ́ inú ihò náà wò bóyá pàkúté wà níbẹ̀. Kí ó máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi tí kì í fura, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kù tí yóò bá mi jẹ obì lónìí. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn.

Àrìnpé ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Olódùmarè fún wa. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìwà dé góńgó: kì í rí àgbà kí ó má kúnlẹ̀, kì í rí ẹlẹ́rù kí ó má ràn án lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ já ewé gbódógì tí wọ́n ó fi pọ́n ẹ̀kọ, wọ́n sì dé etí Igbó Àìrékọjá. Ìyá arúgbó kan jókòó ti ìdì igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbé e ru òun. Àwọn yòókù rí i pé ewé ni ó hù lórí ìyá náà dípò irun, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àrìnpé kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé igi náà rù ú. Ìyá náà ní ọrùn ń dun òun, kí ọmọ jọ̀wọ́ bá òun rù ú dé ilé, iwájú díẹ̀ báyìí ni. Àrìnpé gbé igi náà lé orí ara rẹ̀, wọ́n jọ wọ inú igbó, kò sì padà wá mọ́.

Ẹ rò ó wò. Kì í ṣe ìwà burúkú ni wọ́n fi mú ọmọ mi, ìwà rere ni. Mo ti ń fura sí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn, n kò sì tíì ṣíwọ́.

Mo gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, mo fi àdá há ìdí, mo wọ igbó. N kò ní fi ìrìn yọ yín lẹ́nu. Mo gba ìlú àwọn Elétí-lẹ́yìn-ọrùn kọjá, àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni kí a tó sọ ọ́. Mo ń ka orúkọ àwọn baba ńlá mi nínú ọkàn títí mo fi kúrò níbẹ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ ohun tí mò ń rò nípa wọn. Mo pàdé ejò kan tó ní orí níwájú, tó tún ní orí nídìí. Mo bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú orí méjèèjì, kí n lè mọ èyí tí n óò kọ́kọ́ kí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ. Bí ẹ bá mọ ọdẹ mìíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pè é wá kí ó gba ìjókòó mi.

Ní ibodè ààfin ọba igbó, mo bá ẹ̀dá kan tó ga bí àràbà. Ó dá mi dúró, ó ní n kò ní wọlé àfi bí mo bá já àlọ́ òun. Ó ní, "Kí ni ó kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, nítorí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn nílùú wa mọ̀ ọ́n. Mo ní àgbàrá òjò ni. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, "O gbà á. Ṣùgbọ́n àlejò tó lè kọjá bí àgbàrá ni kò tíì dé ibí." Ó ṣí ilẹ̀kùn. Mo wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì ń ta mí létí, nítorí mo mọ̀ pé oníbodè kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Olórí-Ewé ni orúkọ ọba náà. Ó jókòó lórí gbòǹgbò ìrókò, olú hù sí èjìká rẹ̀ méjèèjì, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí Àrìnpé tó ń gbálẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú kúrò bí ẹni tó rí ohun tó ti sú u. Ó dùn mí wọ egungun, omi sì bọ́ lójú mi níwájú àwọn iwin.

Ọba ní òun kò jí ẹnikẹ́ni gbé. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ilẹ̀ àwọn kì í sì í dá ohun tó wọlé padà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo bá fẹ́ ẹ, kí n bá asáré òun, Kò-kanlẹ̀, sáré láti ibodè, kí a yí Òkè Abuké ká, kí a padà sí ibodè. Bí mo bá ṣíwájú, a lè lọ. Bí mo bá kẹ́yìn, èmi àti ọmọ ni a ó jọ máa gbálẹ̀ ààfin títí ayé. Òfin kan péré ni ó wà níbẹ̀: asáré kò gbọdọ̀ rí àgbà ilẹ̀ náà lójú ọ̀nà kí ó má bọ̀wọ̀ fún un. Ó na ìka sí àwọn òkìtì ọ̀gán tó tò lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní àwọn asáré aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ó fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan hàn mí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ rẹ̀, ó ní ọjọ́ tí èso náà bá pọ́n ni eré, kí n lọ múra.

Òfin náà rọrùn létí. Ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò rí àgbà tí kò ní kí i? Ìdí nìyẹn tí mo fi fura sí i. Ohunkóhun tó bá rọrùn jù lọ́wọ́ ọ̀tá, ẹ fi igi tọ́ ọ wò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má gbàgbé pé n kò mọ eré í sá nígbà náà. Ọdẹ kì í sáré, ńṣe ló ń yọ́ rìn. Nítorí náà ni mo fi gba Ìlú Asáré lọ, ìlú tí kò sẹ́ni tó ń rìn níbẹ̀. Ìyàwó ń sáré gúnyán, ọkọ ń sáré jẹ ẹ́, ọmọ ọwọ́ ń sáré sunkún kí ó lè tètè dákẹ́. Bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan á ní "ẹ káà", èkejì á ní "kú", wọ́n á ti kọjá. Mo bi wọ́n ta ni ó lè kọ́ mi ní eré. Gbogbo wọn ń na ìka sí ilé kan bí wọ́n ti ń kọjá fìrì, ilé Baba Jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Mo dé ibẹ̀, mo bá bàbá kan tó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lé àtẹ́lẹwọ́. Òun nìkan ni kì í sáré nílùú náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: gbogbo ìlú ń sáré, ẹni tí kì í sáré ni wọ́n ní kí ó kọ́ mi. Mo fọwọ́ kan àdá mi láti mọ̀ pé ó ṣì wà nídìí mi.

Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Nígbà tí mo dárúkọ Kò-kanlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ nítòsí gbójú sókè, ó sì tún gbójú sílẹ̀. Mo rí i. Bàbá náà ní kí n sáré lọ sí ìdí ọ̀pẹ tó wà lókèèrè kí òun wo ẹsẹ̀ mi. Mo sá a pẹ̀lú gbogbo agbára mi. N kò tíì dé ọ̀pẹ náà tí ojú mi fi ṣú, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láìsí àgbà tí mò ń kí. Ó rìn wá bá mi jẹ́jẹ́. Ó ní, "Eré ẹran ni o sá. Ìwọ tí o jẹ́ ọdẹ, ṣé o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran tó bá sá irú eré yìí?" Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ẹran tó bá fò fẹ̀rẹ̀ á lọ dúró níwájú láti mí, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá a.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìfura mi sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Láàárọ̀, ó ní kí n sáré jìnnà, àmọ́ kí n máa sun ìjálá bí mo ti ń sá a lọ. Bí ìjálá bá já lẹ́nu mi, mo ti yára jù nìyẹn, kí n dẹ ẹsẹ̀. Ẹ gbà mí. Mo wá kọ́ bí a ti ń yára, ọkùnrin yìí ní mo ti yára jù. Àwọn ọmọdé Ìlú Asáré ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ń sun ìjálá ẹfọ̀n lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń kọrin wá oúnjẹ kiri. Ní ọjọ́ mìíràn, ó mú mi lọ sí ẹsẹ̀ òkè, ó ní kí n fi gbogbo agbára sá gòkè, kí n rìn sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí èémí mi á fi padà sípò, kí n tún gòkè. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ó ní kí n má ṣe ohunkóhun, kí n lọ sùn. Ó ní ẹsẹ̀ kì í le lójú eré, ìdí ìsinmi ni ó ti ń le. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n lọ lójúde ọba, ọmọ mi ń gbálẹ̀, ẹnìkan sì ní kí n sùn. Bí ẹ̀yin bá wà nípò mi, ẹ ò ní fura?

Èyí tó wá burú jù ni oúnjẹ. Ìyàwó Baba Jẹ̀lẹ́ńkẹ́ a máa gbé iyán gbígbóná wá fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó kún fún ẹran. N kò fẹnu kàn án. Àkùkọ ilé wọn ni mò ń fi fún, èmi ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà inú àpò mi, mo sì ń wò ó bóyá yóò kú. Kò kú. Ńṣe ló ń sanra, tó ń le, tó ń lé ajá kiri àdúgbò, èmi sì ń gbẹ bí ẹja orí àtẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àkùkọ náà tẹ̀ lé mi lọ sẹ́sẹ̀ òkè, ó ṣíwájú mi dé orí rẹ̀, ó sì kọ. Baba Jẹ̀lẹ́ńkẹ́ wo àkùkọ, ó wò mí. Ó ní, "Mo rò pé ìwọ ni mò ń kọ́ ní eré ni." Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níwájú mi. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń tọ́ ọ wò títí tí ìdajì iyán fi ń lọ.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Mo lè sá láti ìdájí títí oòrùn á fi gun, kí ìjálá má já. Ẹsẹ̀ mi le, àtẹ́lẹsẹ̀ mi yi bí awọ ẹfọ̀n. Nígbà tí ó rí i bẹ́ẹ̀, ó gbé òṣùká lé mi lórí, ó gbé ìkòkò omi lé òṣùká, ó ní kí n máa sáré, kí n máa kọrin, kí omi má sì ta sílẹ̀. Mo bi í kí ni ti ìkòkò. Mo tún bi í, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo rí ọkùnrin kan tó ní ewé lórí tó yọ́ wá sí ẹ̀yìnkùlé, tó sì ń pe ìyàwó Baba Jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ní àbúrò. Ìránṣẹ́ Olórí-Ewé ni, mo dá ojú rẹ̀ mọ̀ láti ààfin. Ara mi gbóná. Mo fa àdá yọ, mo dojú kọ bàbá náà, mo bi í bóyá àna àwọn iwin tó mú ọmọ mi ni. Kò sá, kò sì sẹ́.

"Àna mi ni wọ́n," ó ní. "Èmi náà bá wọn sá eré yẹn rí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Mo kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin yìí ni ó bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi jẹ́ kí n jáde."

Mo ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ rí lójú ọ̀nà náà fún mi, kí n lè mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọ̀tá mi."

Ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè. Ewé tútù kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun bá sọ ọ́, gbogbo ahọ́n náà ni yóò di ewé. "Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ, ẹsẹ̀ rẹ ni mo ti fi kọ́. Ru ìkòkò yìí lọ síbi eré, má sì sọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni, ọ̀rọ̀ àna iwin sì ni. Ta ni ó ń ru ìkòkò omi sáré ìje? Mo gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má baà mọ̀ pé n kò gbà á gbọ́, mo sì pinnu nínú ara mi pé bí mo bá ti dé ibodè, n óò gbé e jùnù.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Mo dé ibodè lówùúrọ̀, àwọn iwin pé jọ bí èèrùn, Àrìnpé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kò-kanlẹ̀ wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fò díẹ̀díẹ̀ lókè ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan erùpẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè láti sọ ìkòkò náà kalẹ̀. Kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ti sáré dé. Wọ́n ní, "Ẹ kú wàhálà o, ẹ jẹ́ ká bá yín sọ ẹrù." Ọba fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àlejò pàtàkì kò yẹ ní ẹni tó ń ru ẹrù sáré.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbàkígbà lọ. Láti ìgbà wo ni ọ̀tá ti ń bá ni sọ ẹrù? Ẹni tó fẹ́ kí n kẹ́yìn, kí ló kàn án bí ọrùn bá ń dùn mí? Ìfura tí mo ti fi ń lé Baba Jẹ̀lẹ́ńkẹ́ kiri láti ọjọ́ yìí wá, ó yíjú padà wò wọ́n. Mo di ìkòkò mi mú. Mo ní ẹrù náà kò wúwo, ẹ ṣeun, orí mi ló gbé e wá, orí mi ni yóò gbé e lọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọba.

Wọ́n fọn fèrè ewé, eré bẹ̀rẹ̀. Kò-kanlẹ̀ fò, n kò rí i mọ́. Èmi ń lọ ní tèmi, mò ń sun ìjálá lábẹ́ èémí. N kò tíì lọ jìnnà tí mo fi rí bàbá arúgbó kan láàárín ọ̀nà, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ara ọmọ tí a tọ́ dáadáa ń fẹ́ wólẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ba ni ìkòkò mì lórí mi, tí ọ̀rọ̀ náà sì là sí mi gbangba. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ru ẹrù kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹlẹ́rù a máa fi ẹnu kí àgbà, àgbà á sì ní kí ó máa lọ. Àwọn asáré tí kò kí àgbà ló di òkìtì ọ̀gán. Àwọn tó dọ̀bálẹ̀ kí i, bàbá náà kì í ní kí wọ́n dìde títí Kò-kanlẹ̀ á fi délé. Ìwà ni wọ́n fi ń mú ènìyàn nínú igbó yẹn, bí wọ́n ṣe mú ọmọ mi.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ má bínú, ẹrù ń bẹ lórí mi." Ojú rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n kò rí ẹjọ́ rò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kí mi kí n lè dúró dá a lóhùn. Ilé ńkọ́, aya ńkọ́, iṣu oko ńkọ́, ewúrẹ́ ńkọ́, àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Ohùn rẹ̀ ń bá mi bọ̀ lẹ́yìn. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, mo fi ìkíni tèmi lé e, ẹsẹ̀ mi kò dúró. Asáré mìíràn ìbá ti pàdánù èémí rẹ̀ níbi ewúrẹ́. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí n máa sun ìjálá.

Níwájú, ìyá tó mú Àrìnpé jókòó ti ìdì igi rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, gbé e rù mí." Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ẹlẹ́rù kì í gbé ẹrù ru ẹlẹ́rù." Ó ṣépè kan tí n kò ní tún sọ níwájú yín.

Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ Òkè Abuké, mo rí bàbá mi. Bàbá tó bí mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi sin. Ó wọ ẹ̀wù tí a fi sin ín, àpá ẹkùn wà ní apá rẹ̀ bó ṣe wà nígbà ayé rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, láti ìgbà tí mo ti lọ, o kò tíì rí mi kí o dọ̀bálẹ̀." Ìkòkò mì, omi ta sí mi lójú. N kò lè sọ pé irọ́ ni, n kò sì lè sọ pé òótọ́ ni. Gbogbo ara mi ń fẹ́ wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá mi, ẹrù ń bẹ lórí mi, ọmọ ọmọ yín sì ń bẹ níwájú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lóòótọ́, ẹ ó dárí jì mí. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ kò ní ohun tí ẹ fẹ́ dárí rẹ̀ jì."

Mo kọjá. Mo sunkún yí òkè náà ká, n kò fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Títí di òní olónìí, n kò mọ ẹni tí mo kọjá lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn òkè, mo bá Kò-kanlẹ̀ lórí àpáta, ó jókòó, ó ń mí bí ẹran tí ọdẹ ti lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ gbàgà. Nígbà náà ni ó yé mi pé kò tíì sá eré náà parí rí láyé rẹ̀. Gbogbo asáré tó ń bá a díje, ọ̀dọ̀ bàbá onírùngbọ̀n ni wọ́n ti ń parí. Òun á wá fẹ̀sọ̀ sinmi, á wá fẹ̀sọ̀ padà sílé. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ yọ, ó dìde, ó tún fò. Ó ṣíwájú mi, mo bá a. Ó tún fò, mo tún bá a. Ìgòkè ni ó kù kí a dé ibodè. Mo rántí ẹsẹ̀ òkè Ìlú Asáré, mo rántí àkùkọ ọjọ́sí, inú bí mi. Mo fi gbogbo ohun tó kù nínú mi gun òkè náà, mo sì fi àyà gba ibodè ṣáájú rẹ̀. Oníbodè nìkan ni ó pàtẹ́wọ́.

Ọba kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ní kí n máa mú ọmọ mi lọ, bí ọmọ náà bá fẹ́ tẹ̀ lé mi. Ẹ gbọ́ ìyẹn: bí ó bá fẹ́. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo na ọwọ́ sí Àrìnpé. Ó fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ tún ti dé," ó ní. "Bàbá mi ti wá síbí ju bí mo ṣe lè kà lọ. Nígbà mìíràn yóò sunkún, nígbà mìíràn yóò mú ẹ̀kọ wá. Ìgbàkígbà tí mo bá tẹ̀ lé e, màá kàn rí i pé ìgbálẹ̀ ni mo tún dì mú."

Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ òsì mi sókè. Pàkúté ti bu ibẹ̀ jẹ rí, òun ni ó sì máa ń fi òrí pa ojú àpá náà fún mi láti kékeré. Mo gbé e sókè. Eré tí mo sá nítorí rẹ̀ ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi di awọ, ó ti bo àpá náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó wò ó, ojú rẹ̀ sì tì pa bí ilẹ̀kùn. Àwọn iwin bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣẹ́gun gbogbo wọn, mo sì ti pàdánù ọmọ mi.

Mo fa àdá mi yọ, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì fi ẹ̀yìn rìn títí ọwọ́ mi kò fi lè kàn án mọ́.

"Má gbà mí gbọ́," mo ní. "Mú àdá yìí. Èmi á máa lọ níwájú, ìwọ máa bọ̀ lẹ́yìn lókèèrè. Má jẹ ohun tí mo bá fún ọ. Má sún mọ́ mi bí mo bá pè ọ́. Bí o bá rí ohunkóhun lára mi tó kọ ọ́ lóminú, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ṣá mi."

Ó wo àdá náà, ó wò mí. Ó ní, "Gbogbo àwọn yòókù, kí n gba àwọn gbọ́ ni wọ́n máa ń sọ." Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó mú àdá náà. "Ẹ máa lọ níwájú, Bàbá mi. Mò ń bọ̀."

Mo rìn jáde kúrò nínú Igbó Àìrékọjá pẹ̀lú àdá tí ọmọ mi gbé sókè lẹ́yìn mi, inú mi kò sì tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Àrìnpé kò sún mọ́ mi títí a fi dé ilé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú ẹkún ayọ̀, Àrìnpé dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í ní ìbéèrè títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó tó kúnlẹ̀ kí i. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó bi mí pé irú ìwà wo ni mo kọ́ ọmọ yìí. Èmi ti jókòó sílẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi gbé e dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí, tí ẹ gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ nínú yín, kí ó dúró tì mí. Òun ni mo fẹ́ kọ́ ní eré.